Ẹni Tó Ń Fọn Fèrè Bọ́ọ̀sì

Bí ẹ bá dé Ìgbó-Ọrà tí ẹ béèrè Mùjídàt, wọn á kọ́kọ́ bi yín pé Mùjídàt wo, nítorí wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Ẹ sọ pé Ìyá Hàkímù tó ń rán yunifọ́ọ̀mù, ọmọdé gan-an á sìn yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo, kì í bá aládùúgbò jà, bẹ́ẹ̀ ni kì í rẹ́rìn-ín ju ibi tó yẹ lọ. Àwọn ènìyàn a máa yìn ín pé ó ní sùúrù. Irọ́ ni, kì í ṣe sùúrù. Ẹni tó ní sùúrù, nǹkan ń dùn ún, ó kàn ń mú un mọ́ra ni. Ti Ìyá Hàkímù kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan kì í dùn ún mọ́ rárá. Òun náà kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó kàn rí i lọ́jọ́ kan pé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ gún òun lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ń kán sára ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọmọ ọlọ́mọ, òun sì jókòó, òun ń wò ó bí ẹni ń wo òjò láti inú ilé.

Ọkọ rẹ̀ ni Tàjùdéèn, dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì iléèwé Màmá Jésùtófúnmi. Màmá yìí kì í ṣe ọmọ Ìbàràpá. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé e láti Iléṣà wá sí Èrúwà nígbà tó ṣì wà lọ́mọge. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ní ibo lòun tún ń lọ, ó kọ́ iléèwé kékeré kan sí Ìgbó-Ọrà. Àwọn ọmọ Ìdèrè pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà ó ra bọ́ọ̀sì tí yóò máa lọ kó wọn láràárọ̀. Iléèwé kò tíì ní ọgbà, bọ́ọ̀sì kò sì ṣeé fi sílẹ̀ ní gbangba, ni ó bá di pé abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé Tàjùdéèn ló ń sùn.

Kí Tàjùdéèn tó di dẹ́rẹ́bà ọmọ iléèwé, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ ló ń kó láti Igangan lọ sí Ìbàdàn, kòtò ojú ọ̀nà sì jẹ ìbàdí rẹ̀ tán. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gáréèjì ló júwe àgbo jẹ̀dí fún un. Ó mu ún, ìbàdí náà dẹ̀. Ó tún mu ún. Nígbà tó fi máa fi ọkọ̀ akẹ́rù sílẹ̀, ìbàdí kọ́ ló ń mu àgbo fún mọ́, àmọ́ orúkọ ìbàdí ló ṣì ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa dáadáa. Lójú Tàjùdéèn, ọtí ni ohun tó ń bẹ nínú ìgò ní ilé ọtí, tí àwọn ènìyàn ń mu tí wọ́n ń jó. Kò fẹnu kan ìyẹn rí láyé rẹ̀. Mùsùlùmí ni, ọmọ Mùsùlùmí, bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́ mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn. Àgbo ni tirẹ̀. Egbò ni, ewé ni, èèpo igi ni. Pé ògógóró ni ìyá alágbo fi rẹ gbogbo rẹ̀ dípò omi, ọ̀rọ̀ ìyá alágbo nìyẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ wá sí gáréèjì wa láàárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ wo àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, tí wọ́n tò síwájú ìyá alágbo, tí wọ́n ń bú àwọn ọ̀mùtí bí wọ́n ṣe ń da tiwọn sọ́nà ọ̀fun.

Bọ́ọ̀sì náà ń lọ, ó ń bọ̀, kò sí ẹni tó yẹnu Tàjùdéèn wò. Àfi ìgbà tí Jésùtófúnmi, ọmọ màdáàmù oníléèwé yìí, tó wà lókè òkun, gbọ́ níbì kan pé bọ́ọ̀sì iléèwé kan dojú dé, pé dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ti yó. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́ lórí bọ́ọ̀sì ìyá rẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì ti Ìbàdàn wá láti so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ sítíárìn. Àpótí dúdú ni, kò ju páálí ṣúgà lọ, ó ní ọ̀pá roba kan lára. Ẹni tó bá fẹ́ ṣíná sí bọ́ọ̀sì ní láti fi ẹnu sí ọ̀pá náà, kó fẹ́ èémí sí i. Bí ẹnu onítọ̀hún bá mọ́, iná àwọ̀ ewé á tàn, kọ́kọ́rọ́ á ṣiṣẹ́. Bí ọtí bá wà nínú èémí náà, iná pupa á tàn, bọ́ọ̀sì á kú fin-ín, ẹ̀rọ á sì ta ìròyìn náà sórí fóònù màdáàmù níbikíbi tó bá wà. Àwọn ọmọ iléèwé ló sọ ọ́ ní fèrè. Orúkọ náà mọ́ ọn lára, kò sẹ́ni tó tún pè é ní nǹkan mìíràn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní, gbogbo wọn dúró sábẹ́ igi máńgòrò: màdáàmù, ọ̀dọ́mọkùnrin Ìbàdàn, Tàjùdéèn àti ìyàwó rẹ̀. Tàjùdéèn fẹ́nu sí fèrè, ó fọn ọ́n pẹ̀lú ìgbéraga bí ẹni tí kò ní ohun tó ń pa mọ́. Iná pupa tàn. Fóònù màdáàmù ké nínú báàgì.

"Tàjùdéèn, o mutí?"

"Ọtí kẹ̀, mà? Èmi Tàjù? Àgbo ni mo mu. Ẹ̀rọ òyìnbó yìí ni kò mọ àgbo."

"Kí ni wọ́n fi rẹ àgbo náà?"

Tàjùdéèn wo ilẹ̀.

"Mo bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀."

"Ògógóró díẹ̀ ni, mà. Kó lè ríṣẹ́ ṣe ni."

Màmá Jésùtófúnmi bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. "Ó dáa. Ti òní, mo fojú fò ó. Bí iná pupa bá tún dé orí fóònù mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí o gbé kọ́kọ́rọ́ mi wá. N kò ní í bá ọ jà, n kò sì ní í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kọ́kọ́rọ́ mi ni kí o ṣáà gbé wá."

Ìgbà náà ni Hàkímù ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé gíga ní Èrúwà. Iṣẹ́ bọ́ọ̀sì yìí ló ń gbé e ró níbẹ̀, gbogbo ilé ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, bí Tàjùdéèn ti ti mọ́ṣáláṣí dé, ó lọ sídìí fèrèsé yàrá níbi tí ìgò rẹ̀ ń gbé. Ọwọ́ rẹ̀ ti mú un kó tó rántí màdáàmù. Ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mu ún, nítorí ara tó ti mọ nǹkan kò mọ màdáàmù. Ìyá Hàkímù wà lẹ́yìn ilé, ó ń da omi ìwẹ̀ ọkọ rẹ̀ sínú garawa.

"Ìyá Hàkímù, sáré wá."

Ó nu ọwọ́ sí ara ìró, ó wá.

"Wọlé síbí. Fẹ́nu sí nǹkan yìí, kí o fọn ọ́n fún mi."

"Èmi kẹ̀, Bàbá Hàkímù?"

"Ẹnu rẹ mọ́, àbí kò mọ́? Àwọn ọmọ ti wà lójú títì ní Ìdèrè, oòrùn ti fẹ́ yọ. Àgbo lásán ni mo mu, ìwọ náà mọ̀ pé àgbo ni."

Ó mọ̀ pé àgbo ni. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn, nítorí òun náà gbà á bẹ́ẹ̀ látọkàn wá. Irú ilé kan náà ni wọ́n ti tọ́ òun àti ọkọ rẹ̀, wọ́n kọ́ àwọn méjèèjì pé ọtí jẹ́ hàrámù, kò sí ẹni tó kọ́ wọn ní ohun kan nípa àgbo. Ó gun orí ìjókòó dẹ́rẹ́bà pẹ̀lú híjáàbù rẹ̀. Ó ṣe Bísímílà. Ó fọn fèrè. Iná àwọ̀ ewé tàn, Tàjùdéèn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wò ó! Ẹnu ìyàwó mi, bí omi ẹ̀rọ!" Ó yí kọ́kọ́rọ́, ó sì lọ.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bó sì ṣe di iṣẹ́ ilé nìyẹn. Ṣé ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ àárọ̀ obìnrin ilé kì í ní orúkọ, ó kàn ń pọ̀ sí i ni. Á gbálẹ̀, á gbé omi ìwẹ̀ kalẹ̀, á kúnlẹ̀ kí ọkọ, á yọ́ ọbẹ̀ ìlasa àná, á fọn fèrè. Kì í béèrè mọ́, ọkọ rẹ̀ kì í pè é mọ́. Tó bá ti gbọ́ tí ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì dún, á sọ ìgbálẹ̀ kalẹ̀, á gòkè, á fọn ọ́n, á sọ̀kalẹ̀, á sì mú ìgbálẹ̀ rẹ̀ padà. Ọ̀sán kò ní wàhálà, nítorí Tàjùdéèn á ti sùn nínú bọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléèwé títí àgbo á fi kúrò lẹ́nu rẹ̀, fúnra rẹ̀ ló sì ń fọn tọ̀sán. Ìyá Hàkímù kò wo bọ́ọ̀sì náà rí bó ṣe ń jáde lọ. Kò ro ibi tó ń lọ. Ó ti rò ó lẹ́ẹ̀kan rí, ní ìbẹ̀rẹ̀, ó rí ojú àwọn ọmọ náà, ó sì rí i pé bí òun bá ń rò ó lọ, òun kò ní lè fọn fèrè. Nítorí náà ó yé rò ó. Nígbà tó yé ro ìyẹn, ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn náà bá a lọ.

Hàkímù a máa pè láti Èrúwà. "Màmá, bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mo wà."

Òótọ́ sì ni, ó wà.

Nígbà tí wọ́n ṣe ìpàdé àwọn òbí, Màmá Jésùtófúnmi pe Tàjùdéèn síta lójú gbogbo ènìyàn. Ó ní kò sí ọjọ́ kan tí fèrè tan iná pupa lẹ́yìn ọjọ́ kìn-ín-ní. Ó ní ọkùnrin tó lè yí padà báyìí kò wọ́pọ̀. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Wúràọlá, obìnrin kan tó ń yan gàrí ní Ìdèrè, tí ọmọ rẹ̀ Aliyyah ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kìn-ín-ní, dìde dúró, ó ní láti ọjọ́ tí fèrè ti dé lòun ti ń sùn dáadáa. Tàjùdéèn tẹ orí ba, ojú ń tì í, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ìyá Hàkímù jókòó lẹ́yìn, ó ń pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn. Ó gbọ́ ìró àtẹ́wọ́ tirẹ̀, ó dàbí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń pa á.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, bọ́ọ̀sì kúrò lójú ọ̀nà láàárín Ìdèrè àti Ìgbó-Ọrà. Kò sí ọkọ̀ kankan níwájú, kò sí ewúrẹ́ tó já wọ títì. Ó kàn yà bàrá níbi tí ọ̀nà ti kọ́, ó kó sínú kòtò, ó sì lọ kọlu igi kajú. Àwọn ọmọ fara gbọgbẹ́ díẹ̀díẹ̀. Aliyyah nìkan ni apá rẹ̀ kán. Tàjùdéèn fúnra rẹ̀ ló gbé e jáde, ló gbé e sáré lójú ọ̀nà, tó ń ké pe Ọlọ́run títí ọlọ́kadà kan fi dúró. Ìyá Hàkímù wà nídìí ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n wá sọ fún un. Ó rán ọwọ́ aṣọ tó wà níbẹ̀ tán, ó gé òwú, kó tó dìde. Ó padà dà á láàmú, pé òun rán an tán.

Ní ọsibítù, àwọn òbí ti kún ìta. Ẹnì kan ní ṣé kì í ṣe pé dẹ́rẹ́bà yìí mu nǹkan. Màmá Jésùtófúnmi fa fóònù rẹ̀ yọ, ó fi hàn wọ́n pé iná àwọ̀ ewé ló tàn láàárọ̀ ọjọ́ náà. "Ẹ̀rọ kì í ṣègbè," ó ní. "Ẹnu rẹ̀ mọ́ tónítóní." Ọ̀rọ̀ tán. Wọ́n wá ẹni tí wọn á dá lẹ́bi, wọ́n rí búréèkì. Mẹkáníìkì kan wò ó, ó ní lóòótọ́, ó ti ń jẹ díẹ̀. Búréèkì kò sì ní ẹnu tí yóò fi wí tirẹ̀.

Ìyá Hàkímù wà níbẹ̀ nígbà tí màdáàmù ń fi fóònù hàn wọ́n. Ó rí i. Èémí tòun ni wọ́n ń gbé kiri yẹn, tí wọ́n ń fi jẹ́rìí. Ó dúró de kí ọkàn òun já. Kò já. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí i pé sálúbàtà tí òun wọ̀ kì í ṣe ìkejì ara wọn.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Wúràọlá wá sílé wọn. Ó ru abọ́ gàrí kan, gàrí Ìdèrè tó yan gbẹ dáadáa. Ó kúnlẹ̀ fún Tàjùdéèn.

"Bàbá Hàkímù, mo wá dúpẹ́ ni. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ gbé ọmọ mi sáré. Ọlọ́run á bá wa wo Hàkímù náà."

"Àmín, àmín. Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́." Tàjùdéèn kò lè wò ó lójú.

"Mo ń sọ fún ìyá mi ni, mo ní ọpẹ́lọpẹ́ fèrè. Ká ní àwọn dẹ́rẹ́bà tó ń mutí yẹn ló wà nídìí bọ́ọ̀sì, ǹjẹ́ à bá rí ọmọ náà mọ́?"

Ìyá Hàkímù gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó da gàrí sínú garawa olómorí, ó fọ abọ́, ó nù ún gbẹ, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ bó ṣe yẹ kí ènìyàn ṣe. Ẹ̀bà ni wọ́n fi gàrí náà tẹ̀ ní alẹ́. Ó dára. Ó jẹ ẹ́ tán, ó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ẹni tó lè jẹ irú ẹ̀bà bẹ́ẹ̀ kó sì dùn lẹ́nu rẹ̀, nǹkan ti ṣe onítọ̀hún. Ó kàn mọ̀ ọ́n bí ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé ọjà ku ọ̀la.

Wọ́n fa bọ́ọ̀sì yọ, wọ́n fi àsìkò ìsinmi iléèwé tún un ṣe. Bó ṣe ku ọjọ́ kan kí iléèwé wọlé padà, Wúràọlá tún wá, ó mú Aliyyah dání. Síméńtì funfun tí wọ́n fi ń di egungun ní ọsibítù ṣì wà ní apá ọmọ náà, ọwọ́ yunifọ́ọ̀mù kò sì gbà á. Ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n bá òun tú u, kí wọ́n fi okùn tín-ín-rín síbẹ̀ tí wọn á máa so. Ó fi ọmọ sílẹ̀, ó lọ ra nǹkan lọ́jà.

Ìyá Hàkímù fi téèpù wọn apá náà yíká. Síméńtì náà tutù, ó wúwo, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi bírò ya ẹja àti òdòdó sára rẹ̀.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Ó ti dín kù, mà. Ó ń yún mi nínú, n kò sì lè họ ọ́."

"Ṣé o máa tún wọ bọ́ọ̀sì?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n màmá mi ní kí n má bẹ̀rù. Wọ́n ní fèrè wà níbẹ̀."

Ìyá Hàkímù tú ọwọ́ aṣọ náà. Ó tú u, ó gé e, ó pa etí rẹ̀ mọ́, ó so okùn mọ́ ọn, ó wọ̀ ọ́ fún ọmọ náà, ó sì so ó. Ó bá a mu. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó jókòó síwájú ẹ̀rọ rẹ̀ láìṣe nǹkan kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà kò dùn ún. Ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an nìyẹn, pé kò dùn ún, pé lọ́la òun á gbọ́ ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ òun á sì gbé òun lọ síbẹ̀.

Lóòótọ́, ó gbálẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó gbé omi ìwẹ̀ kalẹ̀. Ó kí ọkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ ìjàǹbá, Tàjùdéèn ti búra pé òun á dín àgbo kù, ó sì dín in kù fún ọjọ́ mélòó kan, àmọ́ òní ni yóò kọ́kọ́ gun bọ́ọ̀sì padà, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì mu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó lè dá ọwọ́ náà dúró. Ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì dún. Ìyá Hàkímù sọ ìgbálẹ̀ kalẹ̀.

Àmọ́ kò lọ tààrà. Ó wọ yàrá, ó lọ sídìí fèrèsé, ó mú ìgò náà. Láti ọjọ́ tó ti ń gbé ìgò náà kúrò kó lè nu ibẹ̀, kò gbóòórùn rẹ̀ dáadáa rí. Ó gbé e sẹ́nu. Ó gbé e mì.

Ó ta á. Ó jó o ní ahọ́n, ó jó o ní ọ̀fun, ó jó o dé àyà, omi bọ́ lójú rẹ̀. Kò rántí ìgbà tí nǹkan ti jó o tó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó tún mu ẹ̀kan sí i, ó pa ẹnu dé, ó jáde, ó gun orí ìjókòó dẹ́rẹ́bà, ó sì fọn fèrè. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ṣe Bísímílà.

Iná pupa.

"Há!" Tàjùdéèn lu àpótí náà. "Wọ́n ti ba nǹkan yìí jẹ́ níbi tí wọ́n ti tún bọ́ọ̀sì ṣe. Tún un fọn. Ìyá Hàkímù, tún un..." Afẹ́fẹ́ ẹnu ìyàwó rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó wò ó bí ẹni rí àlejò lórí ìjókòó òun. "Kí lo ṣe?"

"Àgbo ni mo mu, Bàbá Hàkímù."

Fóònù Tàjùdéèn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Kò gbé e. Ìyá Hàkímù na ọwọ́, ó gbà á, ó gbé e.

"Tàjùdéèn! Kí ni mo ń rí yìí?"

"Ìyá Hàkímù ni, mà. Ẹ kú àárọ̀. Èmi ni mo fọn ọ́n."

"Ìwọ? Kí ló gbé ìwọ dé ìdí fèrè?"

"Èmi ni mo máa ń fọn ọ́n láràárọ̀, mà. Láti ọjọ́ kejì."

Nígbà tí màdáàmù tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. "Ọjọ́ tí apá ọmọ yẹn kán ńkọ́?"

"Èmi náà ni, mà."

Tàjùdéèn ti jókòó sórí gbòǹgbò igi máńgòrò. Ó di orí mú. "O ti pa mí," ó ń sọ. "Ìyá Hàkímù, o ti pa mí. O ti mú ọmọ rẹ kúrò níléèwé." Kò pariwo, kò sì bú u. Ìyá Hàkímù gbọ́ ọ, ó mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ó fi fóònù náà sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rántí pé àwọn ọmọ wà lójú títì ní Ìdèrè, pé àwọn ìyá wọn ti lọ sí oko àti ọjà, pé kò sí ẹni tó máa sọ fún wọn. Ó dá ọ̀kadà kan dúró.

Ó bá àwọn ọmọ náà níbi tí wọ́n máa ń dúró sí ní Ìdèrè, lórí afárá kékeré tó kọjá lórí gọ́tà, pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn wọn. Aliyyah wà láàárín wọn, okùn tí Ìyá Hàkímù so mọ́ ọwọ́ aṣọ rẹ̀ ti tú. Ìyá Hàkímù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń so ó padà fún un.

"Bọ́ọ̀sì kò ní wá lónìí," ó ní. "Ẹ máa padà sílé."

Aliyyah fa imú. Ó yí ojú padà díẹ̀, ó tún wo Ìyá Hàkímù lẹ́nu.

"Màmá, ẹ̀yin náà ń rùn bíi bọ́ọ̀sì."

"Bíi bọ́ọ̀sì báwo?"

"Bọ́ọ̀sì máa ń rùn báyẹn láàárọ̀ tí Bàbá Bọ́ọ̀sì bá ń bá wa sọ̀rọ̀," ọmọ mìíràn dáhùn. "Tó bá di ọ̀sán, kì í rùn mọ́."

Ọwọ́ Ìyá Hàkímù dúró lórí okùn náà. "Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Mo sọ fún màmá mi," Aliyyah ní. "Wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa mọ́ àgbàlagbà. Wọ́n ní tó bá jẹ́ òótọ́ ni, fèrè ì bá ti sọ."

Nígbà náà ni ó dùn ún. Gbogbo rẹ̀ dùn ún lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ̀jẹ̀ ara ṣẹ́ẹ̀tì funfun, àtẹ́wọ́ níbi ìpàdé, ẹ̀bà ọjọ́ yẹn, ọwọ́ aṣọ tó rán tán kó tó dìde. Ó jókòó sílẹ̀ lórí afárá náà láàárín àwọn ọmọ, ó sì sunkún tí àwọn tó ń lọ sí oko fi dúró tí wọ́n ń wò ó. Ẹ̀rù ba àwọn ọmọ. Aliyyah fi ọwọ́ rẹ̀ tó dá ṣáká kàn án léjìká, ó ní kó má sunkún mọ́, pé apá òun ti ń jinná.

Ó pẹ́ kó tó lè dìde. Nígbà tó dìde, ó fi etí híjáàbù nu ojú, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú.

"Níbo ni màmá rẹ wà ní àsìkò yìí?"

"Wọ́n wà níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí."

"Mú mi lọ bá wọn," ó ní, wọ́n sì kọrí síbẹ̀.